Agbára Kì í Ṣe Àgbàrá

Àṣà kan wà tí ó ti gbilẹ̀ láàrin àwọn oníwàásù àti àwọn olùkọ́ Bíbélì nílẹ̀ wa, ó sì ti wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá ti mọ̀ ọ́n sórí. Bí ọ̀rọ̀ nípa agbára bá yọ nínú Ìwé Mímọ́, oníwàásù yóò gbé ohùn sókè, yóò ní nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun, dynamis ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé inú rẹ̀ ni a ti rí dínámáìtì tí a fi ń fọ́ àpáta. Ìjọ yóò hó yèè. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkúùgbà tí àwọn olùgbọ́ bá ka ọ̀rọ̀ nípa agbára Ọlọ́run tàbí agbára onígbàgbọ́, ariwo, iná àti èéfín ni wọn yóò máa fojú inú rí.

Àwa kò fara mọ́ àṣà yìí, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà bò lábẹ́ ahọ́n. Àṣìṣe ni, àṣìṣe náà kì í sì í ṣe kékeré, nítorí pé ó ń pa àwọn aláìlera àárín wa lára. Kí a má baà máa fi ẹnu lásán jà, a ó mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ó yẹ orísun rẹ̀ wò, a ó yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò, a ó sì jẹ́ kí Ìwé Mímọ́ tìkára rẹ̀ jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà ni dynatos, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí àwọn Gíríìkì ń lò fún ẹni tí ó ní agbára. Ìyekan kan náà ni òun àti dynamis, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí a bí i sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Gíríìkì, dynamai, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju “mo lè” lọ. Bí Gíríìkì bá fẹ́ sọ pé òun lè rìn, tàbí pé òun lè kàwé, tàbí pé òun lè san gbèsè, ọ̀rọ̀ yìí ni yóò lò. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe nípa fífi -tos kún ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá ṣe báyìí lè kọjú sí ọ̀nà méjì. Bí a bá sọ ọ́ nípa ènìyàn, dynatos ni ẹni tí ó lè ṣe nǹkan, ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Bí a bá sọ ọ́ nípa nǹkan, dynatos ni ohun tí ó ṣeé ṣe. Bí a bá sì fi a- sí iwájú rẹ̀, ó di adynatos: ẹni tí kò lè, tàbí ohun tí kò ṣeé ṣe. Gbogbo orísun rẹ̀ tí ó dájú nìyẹn. Ní ti gbòǹgbò tí ó wà lẹ́yìn dynamai, àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lé e lórí títí di òní. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ètù, kò sí àpáta tí ń fọ́.

Àwa Yorùbá ní ohun tí ó lè mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa kíákíá, bí a bá kíyè sí ohùn. A ní “le”, a sì ní “lè”. Àpáta le, ṣùgbọ́n àpáta kò lè ru ẹrù ẹnikẹ́ni. Ara ìyá arúgbó kò le mọ́, síbẹ̀ ó lè gbàdúrà, ó lè gba ọmọ tí ń sunkún mọ́ra, ó lè parí ìjà tọkọtaya. A kò sọ pé inú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí ni èkejì ti jáde; ohun tí a ń wí ni pé bí a bá ní kí dynatos yan ìhà tí yóò dúró sí, ìhà ọ̀dọ̀ “lè” ni yóò lọ. Àwọn Gíríìkì kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún irú agbára mìíràn. Ọkùnrin tí ó di ìhámọ́ra tí ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ nínú Lúùkù orí kọkànlá, ischyros ni a pè é. Ọwọ́ Ọlọ́run tí Pétérù ní kí a rẹ ara wa sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, krataios ni ọ̀rọ̀ tí ó lò fún un. Olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ko gbogbo wọn pọ̀ sínú àpò ètù kan ṣoṣo ti fi ọ̀rọ̀ àwọn Àpósítélì ṣòfò.

Ǹjẹ́ níbo ni dínámáìtì ti wá? Ọkùnrin ará Súwídìn kan tí ń jẹ́ Alfred Nobel ni ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1867. Ṣáájú àkókò náà, omi kan tí ń jẹ́ nitroglycerin ni wọ́n ń lò láti fọ́ àpáta, ó sì máa ń bú gbàmù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rò tì í. Ní 1864, ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ pa Emil, àbúrò Nobel, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Nobel wá po omi náà mọ́ irú erùpẹ̀ kan tí ń fa omi mu, kí ó lè ṣeé gbé kiri láìséwu púpọ̀. Nígbà tí ó ń wá orúkọ fún un, ó yá ọ̀rọ̀ dynamis lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Nígbà tí a ó fi rí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ayé, Pọ́ọ̀lù àti Lúùkù ti sùn nínú Olúwa fún nǹkan bí 1800 ọdún. Báwo ni ọkùnrin tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù yóò ti ní i lọ́kàn láti tọ́ka sí ohun tí a kò tíì ṣe? Ọmọ-ọmọ ni dínámáìtì jẹ́ sí dynamis. Níbo ni a ti rí ọmọ-ọmọ tí ó sọ baba-ńlá rẹ̀ lórúkọ?

Ẹ tún wò ó: dínámáìtì nìkan kọ́ ni ọmọ-ọmọ tí ó wà nínú agbo-ilé náà. Ẹ̀rọ tí ń jẹ́ dáínámò, tí ń yí kí iná mànàmáná lè tàn, inú ìdílé yìí ni a ti mú orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pe ìran ọba tí ń jẹ tẹ̀lé ara wọn, inú ìdílé kan náà ni ó ti wá. Èéṣe tí oníwàásù kò fi mú èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ń fọ́ nǹkan ni ó mú? A kò lérò pé ìmọ̀ ni ó fi yàn án. Ó yàn án nítorí pé ó ń dún. Bí ó bá tilẹ̀ mú ẹ̀rọ iná, kò tíì jàre, nítorí pé Lúùkù kò mọ ẹ̀rọ iná bí kò ti mọ dínámáìtì.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ilé wa, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú wa sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ògúnlọlá tẹ̀dó sí ìdí igi Àjàgbọn. Pé jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Pé Ògúnlọlá pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Aláàfin. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ibùgbé rẹ̀ ní ibùgbé Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó wá di Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Gbogbo ọmọ ìlú ni ó mọ ìtàn yìí, a sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ bá dúró ní ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn tí ó ń ké “Ògbómọ̀ṣọ́! Ògbómọ̀ṣọ́!”, ṣé orí gígé ni ó ń pe àwọn èrò sí? Bí ìyá kan bá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé kí ó wá kí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ọmọ náà yóò mú idà dání? Orísun orúkọ náà jẹ́ òtítọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn baba wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí ni ìlú Ṣọ̀ún, ilé wa, ibi tí a bí wa sí. Orísun ń sọ fún wa ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbéra. Ìlò rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ó dé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pe èkejì yóò ṣi ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ mọ ìtàn dáadáa.

Àṣìṣe oníwàásù wa sì tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó sọ pé orí gígé ni ìtumọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì fi ohun tí ó ti kọjá túmọ̀ ohun tí ó wà. Ẹni tí ó sọ pé dínámáìtì ni dynamis fi ohun tí ó dé lẹ́yìn túmọ̀ ohun tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a kọ́ lánàá ni a ti bí baba onílé sí.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó sún mọ́ ẹnu wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò kan tí ó ń kọ́ èdè Yorùbá lè rí “agbára” àti “àgbàrá” nínú ìwé tí a kò fi àmì ohùn sí, kí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Yóò wá máa kọ́ àwọn ènìyàn pé agbára ni ọ̀gbàrá òjò tí ń ya lu ilé, tí ń wó ògiri, tí ń gbé ewúrẹ́ lọ. Yóò tilẹ̀ rí òwe fi tì í lẹ́yìn, nítorí àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Gbogbo wa ni yóò fi rẹ́rìn-ín. A ó sọ fún un pé kí ó tẹ́tí sí ohùn, kí ó má ṣe fi ojú nìkan kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníwàásù bá ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èdè Gíríìkì, a kì í rẹ́rìn-ín. “Àmín” ni à ń ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ju pé a gbọ́ Yorùbá, a kò gbọ́ Gíríìkì. Ẹni tí ó bá lo àìmọ̀ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ láti gba ìyìn, kò ṣe wọ́n lóore.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí: ilé tí ó ń gbé ni kí a wò, èyíinì ni gbólóhùn tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi dínámáìtì sí ipò dynatos àti dynamis nínú Ìwé Mímọ́, kí a wò ó bóyá yóò gbé ibẹ̀.

Nínú Mátíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, olówó kan pín tálẹ́ńtì fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ó fún ọ̀kan ní márùn-ún, ó fún èkejì ní méjì, ó fún ẹ̀kẹta ní ọ̀kan, olúkúlùkù ní ìwọ̀n dynamis rẹ̀. Ṣé ìwọ̀n dínámáìtì tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù ni olówó náà wò ni? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí olúkúlùkù lè bójú tó ni. Nínú ìwé kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹjọ, Pọ́ọ̀lù sọ nípa àwọn ìjọ Makedóníà tí òṣì ta púpọ̀, pé wọ́n fi owó ṣe ìrànwọ́ ní ìwọ̀n dynamis wọn, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí apá wọn ká ni ó ń wí, kò sì sí ariwo nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí dynatos gan-an. Nínú Májẹ̀mú Láéláé tí àwọn Júù túmọ̀ sí èdè Gíríìkì, a lò ó fún àwọn akọni Dáfídì, àwọn ọkùnrin ogun. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Fẹ́sítọ́ọ̀sì gómìnà lò ó fún àwọn ènìyàn pàtàkì Jerúsálẹ́mù, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọ́n tó gbọ́ láàrin ìlú. Ní orí kẹrìnlá, ọkùnrin arọ kan wà ní Lísírà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ adynatos: ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e. Ní orí kejìdínlógún, a kà nípa Àpólò, ará Alẹkisáńdíríà, pé ó jẹ́ dynatos nínú Ìwé Mímọ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ kíyè sí ọkùnrin yìí. Agbára rẹ̀ ni pé ó mọ ìwé, ó lè fa ọ̀rọ̀ yọ, ó lè fi hàn, ó lè ṣàlàyé. Síbẹ̀ Pírísílà àti Àkúílà mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà Ọlọ́run yé e dáradára sí i. Kò sì kọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ dynatos nínú Ìwé Mímọ́ ni ẹni tí a ṣì lè kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó tóbi jù ni a ń kọ lórin ní Ìsìn Ìrọ̀lẹ́ nínú ìjọ wa, tí a kì í sì í kíyè sí. Nínú orin Màríà, ní Lúùkù orí kìíní, wúńdíá náà pe Ọlọ́run ní ho dynatos, Ẹni tí ó lè, nítorí ó ti ṣe ohun ńlá fún òun. Ẹsẹ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní Ọlọ́run kan náà ti mú àwọn dynastai kúrò lórí ìtẹ́ wọn. Inú ìdílé dynamai ni àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ Ọlọ́run. Èkejì jẹ́ orúkọ àwọn alágbára ayé tí Ọlọ́run ń rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe pé orísun nìkan ni ìtumọ̀, Màríà ìbá ti fi ọ̀rọ̀ kan yin Ọlọ́run, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà bú u. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ìyá méjì lè máa rin ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀ nínú ilé wa. Ṣáájú èyí nínú orí kan náà ni áńgẹ́lì ti sọ fún Màríà pé kò sí ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run tí yóò jẹ́ aláìṣeéṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó lò níbẹ̀, inú adynatos ni ó ti wá. Orí yìí látòkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ohun tí Ọlọ́run lè ṣe fún ọmọbìnrin tí kò ní agbára kankan lójú ayé ni.

Ẹni kan lè wí pé, “Ẹ̀yin olùkọ́ ìjọ, kí ni ìjà yín? Àpèjúwe lásán ni oníwàásù ń ṣe. Ó kan fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ àwọn ènìyàn lára.” A dáhùn pé àpèjúwe ní iṣẹ́ tirẹ̀, a kò sì lòdì sí i. Bí oníwàásù bá fẹ́, kí ó sọ pé ìhìnrere dà bí ohun tí ń fọ́ àpáta. Jeremáyà pàápàá fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wé òòlù tí ń fọ́ àpáta. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe tirẹ̀. Kí ó má ṣe sọ pé Gíríìkì ni ó wí bẹ́ẹ̀. Àpèjúwe tí a bá dì mọ́ aṣọ ìmọ̀ ti kúrò ní àpèjúwe. Ó ti di ẹ̀rí èké. Ẹlòmíràn lè wí pé Pọ́ọ̀lù tìkára rẹ̀ pe ìhìnrere ní dynamis Ọlọ́run. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó ka gbólóhùn náà dé òpin: dynamis sí ìgbàlà ni. Agbára tí ó lè gba ènìyàn là ni ó ń sọ, kì í ṣe èyí tí ń fọ́ ènìyàn túútúú. Nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ibi tí ó ti rí dynamis yìí ni orí àgbélébùú, níbi tí ayé kò rí nǹkan kan bí kò ṣe àìlera.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá. Kí ni ẹ̀kọ́ dínámáìtì ń ṣe fún àwọn ènìyàn wa? Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ni ó ní Ẹ̀mí jù. Ó ń kọ́ aláìsàn tí ó ti gbàdúrà fún ọdún mẹ́ta tí àìsàn rẹ̀ kò lọ pé kò sí agbára nínú òun, nítorí kò sí ohun tí ó bú gbàmù. Ó ń mú kí opó tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sanwó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin jókòó ní ẹ̀yìn ìjọ bí ẹni tí kò ní ẹ̀bùn. Ó ń mú kí ọmọ ilé-ìwé tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn rò pé Ọlọ́run kò lè lò ó. A ti rí irú àwọn wọ̀nyí. A ti jókòó tì wọ́n lẹ́bàá ẹní wọn. Ọ̀rọ̀ tí a kọ láti gbé wọn ró ni a sọ di òkúta tí a fi ń lù wọ́n.

Àwọn gan-an sì ni Pọ́ọ̀lù kọ ọ̀rọ̀ náà fún. Nínú ìwé sí àwọn ará Róòmù, orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ́, orí kẹẹ̀ẹ́dógún ni, ẹsẹ kìíní, ó pín ìjọ sí ọ̀nà méjì, dynatoi àti adynatoi: àwọn tí ó lè àti àwọn tí kò lè. Kí ni ó ní kí àwọn tí ó lè máa ṣe? Kí wọ́n ru àìlera àwọn tí kò lè, kí wọ́n má sì ṣe ohun tí ó wu ara wọn. Iṣẹ́ alágbára nìyẹn: láti ru ẹrù. Dínámáìtì kò ru ẹrù ẹnikẹ́ni rí. Bí a bá gbé e lé àárín àwọn aláìlera, àwọn ni yóò kọ́kọ́ pa.

Ó tún kù. Nínú ìwé kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kejìlá, Pọ́ọ̀lù sọ nípa ẹ̀gún kan nínú ara rẹ̀. Ó bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta kí ó mú un kúrò. A kò mú un kúrò. Lẹ́yìn èyí ni ó wá wí pé nígbà tí òun bá jẹ́ aláìlera, nígbà náà ni òun jẹ́ dynatos. Ọ̀rọ̀ wa gan-an ni. Ẹ mú dínámáìtì wá síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá gbólóhùn náà yóò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi “lè” síbẹ̀, ohun gbogbo yóò yé yín: ara mi kò le, síbẹ̀ mo lè fara dà á, mo lè wàásù, mo lè nífẹ̀ẹ́, nítorí oore-ọ̀fẹ́ tó fún mi.

Ìlú wa tìkára rẹ̀ mọ irú agbára méjèèjì. Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìrántí orí tí a gé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Fúlàní ń tú àwọn ìlú ká káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlú yìí dúró, àwọn tí ogun lé sì rọ́ wọ inú rẹ̀ láti ìlú púpọ̀. Tóyèjẹ, ọmọ ìlú wa, ni ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò nígbà náà. Ìlú tí ó lè gba àwọn tí kò ní ilé mọ́ra, tí ó lè fún wọn ní ilẹ̀ kọ́lé, tí ó lè fi odi rẹ̀ bò wọ́n, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni dynatos. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo-ilé tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, àtọmọdọ́mọ àwọn tí a gbà mọ́ra ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé agbára idà nìkan ni ìlú náà ní, ta ni ìbá kù láti sọ ìtàn rẹ̀?

Nítorí náà a fẹ́ fi ìmọ̀ràn mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Èkíní, kí olùkọ́ tó lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan níwájú àwọn ọmọ, kí ó ka gbogbo orí tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Bí ìtumọ̀ tí ó gbọ́ kò bá gbé inú gbólóhùn náà, kí ó jù ú nù, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Èkejì, kí ó ní ìgboyà láti wádìí. A kò ṣàìní ibi tí a lè bèèrè. Láti 1898 ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a ti ń kọ́ èdè Gíríìkì. Kò sì sí ìtìjú nínú kí ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kọjá sí ìta kejì láti bèèrè ọ̀rọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ́ àwọn ọmọ láti bọ̀wọ̀ fún Bíbélì Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì làálàá títí Bíbélì odindi fi jáde ní 1884. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tí ó gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa jáde ní 1858. Nígbà tí a bá ń sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ gidi wà ní ìpamọ́ nínú Gíríìkì, àti pé “agbára” kò tó, a ń kọ́ ọ láti kẹ́gàn iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí, a sì ń fi ohun tí kò dára tó rọ́pò rẹ̀.

“Agbára” tó. Yorùbá mọ̀ pé agbára kì í ṣe ariwo. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ní okun tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, ọ̀lẹ sàn jù ú lọ. Ìbéèrè tí dynatos ń bi wa náà nìyẹn: o lè, ó dára, kí ni o lè ṣe, ta ni o sì ń ṣe é fún? Kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n bá ka ẹsẹ tí ó sọ nípa agbára. Ọmọ tí ó bá lọ sílé láti ibẹ̀, tí ó pọn omi fún arúgbó tí kò lè dé odò mọ́, ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà dájúdájú, bí kò tilẹ̀ lè pè é.